ẸNI TÍ Ó BÁ Ń LỌ SÍ WASHINGTON, KÍ NI YÓÒ MÚ BỌ̀?

Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ni mo fẹ́ fi ṣáájú ohun tí mo ní láti sọ lónìí fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin àgbẹ̀ wa tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìlú tí a lè dé nísinsìnyí kò pọ̀ mọ́ tí a kò ní bá ẹni tí ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, tàbí ẹni tí ó ń kó owó jọ láti lọ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìdílé kan a ta kòkó ọdún méjì. Òmíràn a gba owó èsúsú. Ẹgbẹ́ ìlú mìíràn a dá owó jọ, wọn a sì yan ẹnìkan pé kí ó lọ ṣojú wọn. Nígbà tí onítọ̀hún bá padà dé, a ó fi ìlù pàdé rẹ̀, a ó wo àwòrán tí ó yà níwájú ilé gíga, a ó sì gba bàtà àti aago lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í léèrè pé, "Kí ni o rí kọ́ níbẹ̀?" ọ̀rọ̀ a tán lẹ́nu rẹ̀.

N kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun ìrìn-àjò. Ẹni tí kò kúrò ní ìdí ààrò ìyá rẹ̀ rí ni í máa rò pé kò sí ọbẹ̀ mìíràn tí ó dùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé owó tí a fi rìn, owó ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí ó jẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìlú kan ṣoṣo ni agbára ènìyàn lè gbé e dé ní Amẹ́ríkà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó jẹ́ Washington, olú-ìlú wọn. Mo ní ìdí méjì. Èkíní ni pé èyí tí ó dára jù lọ nínú ohun tí ó wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni a ń wò ó. Aláàánú tí ó ní ẹsẹ̀ méjì àti sùúrù lè rí i bí ọlọ́rọ̀ ti ń rí i. Èkejì ni pé kò sí ìlú tí ó lè kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìjọba bí i tirẹ̀, ní ti ohun tí ó ní àti ní ti ohun tí ó ṣe aláìní.

ÌWÉ ÀTI ẸRÙ

Ohun àkọ́kọ́ ni ìwé ìrìnnà àti físà. Òfin físà Amẹ́ríkà dàbí ojú ọjọ́, ó ń yí padà. Ìgbà mìíràn wà tí ìjọba wọn a tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè kan fún ìgbà díẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta ilẹ̀ tàbí san owó ọkọ̀ òfurufú kí ó tó béèrè ohun tí òfin wí ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin tí ó gbé àpò ìwé dání tí ó ní òun mọ ẹnìkan níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìwé ayédèrú wá ọ̀nà, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ọ̀nà náà mọ́ ara rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Kí ẹ sì mọ̀ pé físà kì í ṣe ẹ̀rí pé a ó wọlé dájúdájú. Òṣìṣẹ́ tí ó wà ní ẹnubodè ni yóò pinnu, òun náà ni yóò sì sọ ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ jáde. Kí a dá a lóhùn ní ṣókí àti ní òtítọ́: ibi tí a ń lọ, ẹni tí a ó dé sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí a ó padà.

Ní ti ẹrù, ẹ̀yin àgbẹ̀ ni mo ń bá wí jù lọ. Ẹ má ṣe di ẹran ìgbẹ́ sínú àpótí fún ọmọ yín. Ẹ má ṣe mú èso tútù, irúgbìn, tàbí ohun ọ̀gbìn tí erùpẹ̀ wà ní gbòǹgbò rẹ̀ dání láìgba àṣẹ. Kì í ṣe ìgbéraga ni wọ́n fi ń kọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí bí àrùn kan ṣoṣo ti í pa oko kòkó run láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Ohunkóhun tí ó bá jẹ́ oúnjẹ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn aṣọ́bodè. Bí wọn kò bá fẹ́ ẹ, wọn yóò gbà á lọ, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi í pamọ́ tí wọ́n sì rí i, yóò san owó ìtanràn. Bákan náà ni owó: ẹni tí ó bá mú ju 10,000 dọ́là lọ dání gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí a ní owó. Ìpamọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Kí a tó gbéra, kí a ra ìwé adójútòfò ti ìlera. Ilé ìwòsàn wọn dára, ṣùgbọ́n owó ibẹ̀ lè gba gbogbo ohun tí ìdílé ti kó jọ fún ọdún mẹ́wàá lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tí ó ń lo egbòogi lójoojúmọ́, kí ó mú un tó, nínú ìgò rẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà. Iná mànàmáná wọn kò lágbára tó tiwa, nítorí 120 ni tiwọn nígbà tí tiwa jẹ́ 230 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ihò tí a ń ki okùn iná bọ̀ sì yàtọ̀. Kí a má ṣe gbé irin ìlọṣọ lọ.

Ìgbà tí a ó lọ náà ṣe pàtàkì. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹjọ, ooru ibẹ̀ mú, ó sì ní ọ̀rinrin bí ti Èkó. Ní oṣù kíní àti oṣù kejì, òtútù ibẹ̀ lè wọ egungun. Ìgbà tí ó dára ni oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá. Ní ìparí oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, àwọn igi ṣẹ́rì tí olórí ìlú Tokyo fi ta ìlú náà lọ́rẹ ní 1912, nǹkan bí 3,000, a máa tanná lẹ́ẹ̀kan náà létí omi. Ó lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n owó ilé ibùsùn a gbówó lórí ní ìgbà náà, èrò a sì pọ̀. Kí a má sì jẹ́ kí ìwọ̀n ooru wọn da ọkàn wa rú: ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà á, 32 ni omi ti ń di yìnyín, 90 sì ni ọ̀sán tí ó gbóná.

LÁTI PÁPÁKỌ̀ WỌ ÌLÚ

Pápákọ̀ òfurufú mẹ́ta ni ó yí Washington ká. Reagan wà ní òdìkejì odò Potomac, ó sì súnmọ́ ìlú. Dulles wà ní ìpínlẹ̀ Virginia, nǹkan bí máìlì 26 sí àárín ìlú. Ẹ̀kẹta wà lẹ́bàá ìlú Baltimore ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ọkọ̀ ojú irin ń ti ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ìlú. Ní oṣù kọkànlá 2022 ni ojú irin dé Dulles, nítorí náà kò sí ìdí tí ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀ yóò fi san owó ńlá fún takisí láti ibẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin náà, tí wọ́n ń pè ní Metro, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1976, rọrùn fún àlejò. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń dárúkọ ọ̀nà rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: pupa, ọsàn, búlúù, yẹ́lò, àwọ̀ ewé àti fàdákà. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa pàápàá lè tẹ̀lé àwọ̀. Kí a ra káàdì tí wọ́n ń pè ní SmarTrip lára ẹ̀rọ tí ó wà ní ibùdó, kí a fi owó sí i. Káàdì kan náà ni a fi ń wọ bọ́ọ̀sì. Bí a ti ń fi í kan ẹnu ọ̀nà nígbà tí a ń wọlé ni kí a tún fi í kàn án nígbà tí a bá ń jáde. A kò gbọ́dọ̀ jẹun tàbí mu ohunkóhun nínú ọkọ̀ náà. Lórí àtẹ̀gùn tí ń rìn fúnra rẹ̀, ọ̀tún ni a ń dúró sí, kí ẹni tí ń kánjú lè gba òsì kọjá. Ẹni tí ó bá dí ọ̀nà òsì yóò gbọ́ ìkùnsínú lẹ́yìn rẹ̀.

Ìdí kan wà tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa a máa dé sí ọ̀dọ̀ ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, pàápàá ní agbègbè Prince George's ní Maryland níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí, wákàtí ni a fi ń ka owó iṣẹ́ wọn. Ọjọ́ tí irú wọn kò bá lọ síbi iṣẹ́, owó ọjọ́ náà ti lọ. Bí ìyá tàbí bàbá bá dé tí ó ń retí pé kí ọmọ máa fi ọkọ̀ gbé òun kiri láti àárọ̀ di alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ náà yóò ṣe é, nítorí a kọ́ ọ ní ilé, kò sì ní sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè ni yóò fi ṣe é. Nítorí náà, kí àgbà tí ó bá lè rìn kọ́ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kí ó máa lọ, kí ó máa bọ̀. Èyí náà jẹ́ ọ̀nà láti fẹ́ràn ọmọ ẹni. Ẹni tí kò ní ará níbẹ̀, kí ó wá ilé ibùsùn sí ẹ̀bá ibùdó Metro kan ní Maryland tàbí Virginia, níbi tí owó sábà máa ń rọ̀ ju àárín ìlú lọ.

BÍ A TI PÍN ÌLÚ NÁÀ

Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ bí a ti tẹ Washington dó kò ní béèrè púpọ̀. Ní 1791 ni ará Faransé kan, L'Enfant, ya àwòrán ìlú náà. Nínú àwọn tí ó bá wọn wọn ilẹ̀ ní ọdún náà ni Benjamin Banneker wà, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ òmìnira, àgbẹ̀ ni, ó sì kọ́ ara rẹ̀ ní ìmọ̀ ìràwọ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí wọ́n ń pè ní Capitol, ni wọ́n fi ṣe ìdí ìlú, wọ́n sì pín ìlú sí ọ̀nà mẹ́rin láti ibẹ̀. Àwọn títì tí ó ń lọ láti àríwá sí gúúsù ń jẹ́ orúkọ iye: 1, 2, 3, èyí tí ó ń lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ń jẹ́ orúkọ lẹ́tà: A, B, C, ṣùgbọ́n kò sí J. Èyí tí ó dábùú wọn ní igun ń jẹ́ orúkọ àwọn ìpínlẹ̀.

Ewu tí ó wà nínú rẹ̀ nìyí: títì kan náà lè wà ní ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nítorí náà, lẹ́tà méjì tí ó kẹ́yìn àdírẹ́ẹ̀sì, NW, NE, SW tàbí SE, ṣe pàtàkì bí orúkọ bàbá ẹni. Ẹni tí ó bá gbàgbé rẹ̀ lè bá ara rẹ̀ ní òdìkejì ìlú lọ́wọ́ alẹ́. Kí a tún rántí pé oṣù ni wọ́n ń kọ ṣáájú ọjọ́: 4/5 lọ́dọ̀ wọn jẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ni wọ́n sì ń pè ní àjà kíní. Aago wọn fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn tiwa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wákàtí mẹ́fà nígbà òtútù. Ẹni tí ó ń fóònù sílé kí ó ṣírò rẹ̀ kí ó má bàa jí àgbàlagbà lójú oorun.

OWÓ

Iye tí a kọ sára ọjà ní Amẹ́ríkà kì í ṣe gbogbo owó rẹ̀. Bí a bá dé ibi ìsanwó, owó ìjọba yóò gorí rẹ̀. Nílé oúnjẹ, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá bá wa lórí ìjókòó, a tún ní láti fi nǹkan bí 15 sí 20 nínú 100 lé e fún ẹni tí ó gbé e wá. Àwọn kan nínú wa a máa bínú sí èyí, wọn a ní ìrẹ́jẹ ni. Èmi kò fẹ́ràn àṣà náà, nítorí ó yẹ kí ọ̀gá san owó ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní pípé. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ náà kọ́ ni ó ṣe òfin. Lára owó yìí ni ó ti ń jẹun. Ẹni tí kò bá fẹ́ san án, kí ó ra oúnjẹ tí a ń fi ọwọ́ ara ẹni gbé, kí ó jókòó sábẹ́ igi jẹ ẹ́. Ìtìjú kò sí níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

Bí oúnjẹ òyìnbó bá sú wa, àwọn ará Etiópíà pọ̀ ní ìlú náà gidigidi, oúnjẹ wọn sì jẹ́ ohun tí a ń fi ọwọ́ jẹ nínú àwo kan náà pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ó ta. Ní Maryland, a ó rí gàrí, èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí rà. Kí a tọ́jú omi sínú ìgò; omi ẹ̀rọ wà ní ọ̀fẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé tí a ó wọ̀. Bí ewu bá dé, 911 ni nọ́ńbà tí a ń pè fún ọlọ́pàá, panápaná tàbí ọkọ̀ aláìsàn.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A WÒ

Pápá ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Mall lọ láti Capitol dé ibi ìrántí Lincoln, nǹkan bí máìlì 2. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti Smithsonian wà, kò sì sí èyí tí a ń gba owó ìwọlé níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé wọ̀nyí jẹ́ ìyanu. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, James Smithson, tí kò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí, ni ó fi ogún rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn kí ìmọ̀ lè tàn kálẹ̀. Ní 1846 ni wọ́n fi òfin dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́rọ̀ wa tí ẹ ń kọ́ ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé sí abúlé, ẹ fi èyí ro ara yín wò.

Ilé kan wà níbẹ̀ tí ọmọ Yorùbá kankan kò gbọdọ̀ fojú fò, èyí ni ilé ìtàn àti àṣà àwọn ọmọ Áfíríkà ní Amẹ́ríkà, tí a ṣí ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án 2016. Bí a bá wò ó lókèèrè, a ó rí i pé ìpele mẹ́ta ni ara rẹ̀, ó ń fẹ̀ sókè bí adé. David Adjaye, ọmọ Gánà tí ó ya àwòrán rẹ̀, sọ fún gbogbo ayé pé lára òpó ilé tí àwọn agbẹ́gilére Yorùbá ń gbẹ́ ni òun ti mú un, irú èyí tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́, ẹni tí ó kú ní 1938. Ẹ gbọ́ èyí, ẹ̀yin tí ẹ ń sun òpó àwọn bàbá yín dáná pé nǹkan àtijọ́ ni. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé, ṣùgbọ́n a ní láti gba ìwé àkókò sílẹ̀ ṣáájú. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ìtàn òwò ẹrú wà, kí a máa gòkè bọ̀. Kí a fi odindi ọjọ́ kan fún un.

Nínú ilé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà tí kò jìnnà síbẹ̀, abọ́ onídèérí kan wà tí Ọlọ́wẹ̀ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Láti inú ilé yìí kan náà ni Smithsonian ti fi ẹ̀tọ́ níní ère Bìní 29 lé Nàìjíríà lọ́wọ́ ní oṣù kẹwàá 2022, lára ohun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897. Mo yìn wọ́n fún èyí, nítorí ẹni tí ó dá ohun olóhun padà ní ìtìjú ju ẹni tí ó dì í mú tí ó ń ṣe àlàyé lọ.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ọgbà ohun ọ̀gbìn ìjọba wà ní ẹsẹ̀ Capitol, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1820. Nínú ilé gíláàsì rẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn igi ilẹ̀ olóoru, títí kan igi kòkó, sínú ooru tí wọ́n fi ẹ̀rọ dá, nígbà tí yìnyín wà lóde. Ọmọ tí ó ti jẹ ṣokoléètì láti ìgbà èwe rẹ̀ ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ rí igi tí ó ń so ó. Kí a dúró tì wọ́n níbẹ̀, kí a sì ṣàlàyé fún wọn bí a ti ń là á, tí a ń ràgà bò ó, tí a sì ń sá a.

Kí a gòkè lọ sí ibi ìrántí Lincoln, tí wọ́n ṣí ní 1922. Lórí àtẹ̀gùn rẹ̀ ni Martin Luther King dúró sí ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ 1963. Kí a dé yunifásítì Howard, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1867 fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú, níbi tí Nnamdi Azikiwe ti kàwé kí ó tó gba oyè ní Lincoln ní 1930. Kí a dé ilé Frederick Douglass lórí òkè Anacostia, ẹrú tí ó sá, tí ó sì di agbẹnusọ fún ìran rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: owó ìjọba àpapọ̀ ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí dúró. Nígbà tí àwọn aṣòfin kò fohùn ṣọ̀kan lórí owó, tí iṣẹ́ ìjọba dúró láti ọjọ́ kíní oṣù kẹwàá dé ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá 2025, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìlẹ̀kùn. Kí a gbọ́ ìròyìn kí a tó gbéra.

OHUN TÍ ÌLÚ NÁÀ ṢE ALÁÌNÍ

Mo wá dé ibi tí ó jẹ mí lógún jù lọ. Ìwọlé sí Capitol jẹ́ ọ̀fẹ́; àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè lè fi ìwé ìrìnnà rẹ̀ béèrè ní ibùdó àlejò pé òun fẹ́ jókòó lókè wo àwọn aṣòfin lẹ́nu iṣẹ́, bí wọ́n bá ń jókòó lọ́jọ́ náà. Kí a má gbé oúnjẹ tàbí omi wọlé. Gbọ̀ngàn ńlá ibẹ̀ ń jẹ́ gbọ̀ngàn Ìdásílẹ̀, nítorí pé àwọn ẹrú wà lára àwọn tí ó kọ́ ilé náà, tí olówó wọn sì ń gba owó iṣẹ́ wọn. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin 1862 ni òfin dá àwọn ẹrú ìlú náà sílẹ̀, nǹkan bí 3,100. Àwọn olówó wọn ni ìjọba sì san owó gbà-má-bínú fún, kì í ṣe àwọn tí ó jìyà.

Nígbà tí a bá jókòó lókè tí a ń wo àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ gbogbo, kí a béèrè pé: èwo ni ti àwọn ará ìlú tí a jókòó sí yìí? Ìdáhùn náà yóò yani lẹ́nu. Ní ìkànìyàn 2020, ènìyàn 689,545 ni ó ń gbé Washington. Ìpínlẹ̀ Wyoming ní 576,851. Wyoming ní ọmọ ilé aṣòfin àgbà méjì àti aṣojú kan tí ń dìbò. Washington kò ní ẹnìkankan ní ilé àgbà. Aṣojú kan ṣoṣo tí ó ní nínú ilé kejì lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè dìbò nígbà tí a bá ń fi òfin lélẹ̀. Títí di 1961 tí wọ́n tún òfin ńlá wọn ṣe, wọn kì í tilẹ̀ dìbò yan Ààrẹ tí ilé rẹ̀ wà láàárín wọn. 1973 ni òfin fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti yan olórí ìlú àti ìgbìmọ̀ tiwọn. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ lè fagi lé òfin tí wọ́n bá ṣe, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní 2023. Ní oṣù kẹjọ 2025 pẹ̀lú, Ààrẹ gba àkóso ọlọ́pàá ìlú náà fún ọjọ́ 30. Owó orí ni wọ́n ń san bí gbogbo ènìyàn. Lára nọ́ńbà ọkọ̀ wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí, pé kí sísan owó orí láìní aṣojú dópin. Igbe yìí gan-an ni àwọn bàbá wọn ké sí ọba Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó bá a jà.

Àwọn tí ó lòdì sí yíyí i padà ní ìdí tiwọn. Wọ́n ní òfin ńlá ni ó ya olú-ìlú sọ́tọ̀ kí ìpínlẹ̀ kankan má bàa di ìjọba àpapọ̀ lọ́rùn mú. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀ ní ìgbà tí ìlú náà kò ju igbó àti ẹrọ̀fọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìlú ti kún. Ọmọ ti dàgbà ju aṣọ tí a dá fún un lọ. Lójú tèmi, kò sí àlàyé tí ó lè sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ pé kí ẹni tí ń sanwó má lè sọ bí a ó ti ná an. Mo sì sọ ọ́ fún àǹfààní wa, kì í ṣe láti fi Amẹ́ríkà ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ó bá rò pé òmìnira jẹ́ ohun tí a ń gbà lẹ́ẹ̀kan tí a sì ń gbé kọ́ sára ògiri, kí ó lọ wo bí ó ti ṣe kù sí ìdajì ní ẹnu ọ̀nà àwọn tí ó ń fi í kọ́ gbogbo ayé.

Àwọn kan yóò wí pé, "New York ni ìlú; kí ni àgbẹ̀ fẹ́ fi ìlú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe?" Mo dáhùn pé iye owó tí a ń san fún kòkó, ọ̀nà tí a ń là dé oko, ilé ìwé tí a ń kọ́, ọwọ́ ìjọba ni gbogbo rẹ̀ wà. Ta ni ó yẹ kí ó mọ iṣẹ́ ìjọba ju àgbẹ̀ lọ? Ilé gíga New York lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wò ó tán, ọrùn ni yóò máa dùn ún.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ ìlú tàbí ìdílé tí ó bá fi owó rán ẹnìkan lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fi bàtà di yín lẹ́nu. Ẹ pè é sí ìpàdé, kí ẹ bi í ní ohun mẹ́ta: Báwo ni o ṣe ná owó náà? Kí ni o rí tí a lè ṣe níhìn-ín láìdúró de òyìnbó? Kí ni o rí níbẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ sí wa? Bí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ lu ìlù fún un, ó ti rìn. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ kí i kú àbọ̀, kí ẹ sì rán ẹlòmíràn nígbà mìíràn.